Ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là Tony Elumelu lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ike: ibi tó dára dé, ibi tó kù sí

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe àtúnlò ike, tó ń ta iná oòrùn, tàbí tó ń wá ọ̀nà kí tòmátì má rà kó tó dé ọjà, ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu wọn: owó iléeṣẹ́ ńlá wo ló ṣeé tọ̀ lọ, èwo ni kéèyàn má fi àkókò ṣòfò lé lórí? Ètò Tony Elumelu Foundation la máa yẹ̀ wò jù níbí, torí òun ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì lò. Ojú ẹni tó ń kó ike la máa fi wò ó, nítorí iṣẹ́ ike kì í pẹ́ fi ibi tí owó ìrànwọ́ kù sí hàn. Ìdájọ́ wa rèé ká má fi falẹ̀: ẹ lọ gbà á, owó gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe òpó ilé. Òpó iṣẹ́ ike ni iléeṣẹ́ ńlá tó buwọ́ lùwé pé òun á máa ra kílò báyìí lóṣù, ní iye báyìí, tí owó á sì wọlé lọ́jọ́ báyìí.

Tony Elumelu, alága báńkì UBA àti Heirs Holdings, ló dá àjọ náà sílẹ̀ ní 2010. Ní 2015 ni ètò àwọn oníṣòwò tuntun bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìlérí 100 mílíọ̀nù dọ́là fún 10,000 ọmọ Áfíríkà láàárín ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá yege ń gba 5,000 dọ́là. Kì í ṣe gbèsè, kò lélèé, wọn kì í sì í gba ìpín kankan nínú iṣẹ́ onítọ̀hún. Àwọn tó ti gbà á ti lé ní 24,000 báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí èrò ṣe pọ̀ tó: lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn tó kọ̀wé lé ní 20,000 fún àyè 1,000. Nígbà tó fi di 2019, wọ́n ti lé ní 216,000 fún àyè bíi 3,000. Ẹni kan nínú àádọ́rin nìyẹn. Ẹni tó bá fi gbogbo ètò ọdún rẹ̀ sórí owó yìí ń dá abà sórí ilẹ̀ tí kò tíì rà.

Ní àwọn ọdún ẹnu àìpẹ́ yìí, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni fọ́ọ̀mù ń ṣí lórí TEFConnect, ìkànnì àjọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń tì lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta. Kéèyàn ti pé ọdún 18. Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ tíì ju ọdún márùn-ún lọ. Bó tilẹ̀ jẹ́ èrò lásán ló ṣì jẹ́, wọ́n ń gbà á. Áfíríkà ló gbọ́dọ̀ wà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òwò tó ń wá èrè. Ẹgbẹ́ aláàánú kò sí nínú ẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́rìnléláàádọ́ta ló kàn, èdè mẹ́rin ni wọ́n sì fi ń ṣe é: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Potogí àti Lárúbáwá. Ọmọ Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ tó ń ṣòwò ní Benin lè fi Faransé kọ tirẹ̀ láìsí ìṣòro. Ẹni tó wà ní London tàbí Houston ńkọ́? Kó kọ́kọ́ rí i pé ilé ni iṣẹ́ ọ̀hún wà, kì í ṣe pé òun á máa darí rẹ̀ láti òkè òkun tí kò sì sẹ́ni kankan nílé tó ń ṣe é.

Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù ni ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni ìwé ètò òwò, lẹ́yìn ìyẹn ni kéèyàn dúró ṣàlàyé òwò rẹ̀ níwájú àwọn adájọ́. Ẹ̀kọ́ náà dára fún ẹni tí kò kọ ìwé owó rí láyé ẹ̀. Bí a ṣe ń ya owó ilé sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́, bí a ṣe ń dá iye lé ọjà, bí a ṣe ń mọ oníbàárà ẹni: ẹ má fò ó, ẹ jókòó kọ́ ọ. Ibi tó kù sí ni pé ẹ̀kọ́ kan náà ni onídìrí, ẹlẹ́ja àti ẹni tó ń kó ike jọ ń gbà. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ yín níbẹ̀ nípa ike tí omi wà nínú ẹ̀, tàbí nípa iléeṣẹ́ tó ń jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta. Bí olùtọ́sọ́nà tí wọ́n fún yín kò bá mọ iṣẹ́ àtúnlò, ẹ má bínú sí i. Àwọn nǹkan tó mọ̀ ni kẹ́ ẹ bi í, kẹ́ ẹ sì lọ wá ẹlòmíì tó ti ṣe iṣẹ́ ike rí.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú fọ́ọ̀mù àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àyíká ni pé wọ́n ń fi gbogbo àyè ròyìn ìdọ̀tí. Gọ́tà dí, omi ya wọlé, ike kún etí ọ̀sà. Adájọ́ ti mọ gbogbo ìyẹn. Ẹni tó máa sanwó ló ń wá, iye tí onítọ̀hún máa san, àti ìdí tí kò fi ní dẹ́kun sísan. Ẹ kọ ọ́ bí àpẹẹrẹ yìí: “Ìdílé 120 ní Mushin ń kó ike fún wa. Kílò 240 la wọ̀n lóṣù tó kọjá. Iléeṣẹ́ tó ń lọ ike ní Ìkòròdú ló rà á. Èrè wa lórí kílò kan jẹ́ náírà 60.” Gbólóhùn mẹ́rin yìí wúwo ju ojú ìwé mẹ́ta lórí ìparun ayé.

Kí iye tẹ́ ẹ bá kọ sì bá ara mu. Ike omi 50cl tó ṣófo wọn bíi gírámù 20, ìyẹn ni pé kílò kan tó bíi àádọ́ta ike. Ẹni tó bá kọ pé ìdílé 100 ń kó tọ́ọ̀nù márùn-ún wá lóṣù ti sọ, láìmọ̀, pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ń mu 2,500 ike omi láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Adájọ́ tó bá mọ iṣẹ́ á ṣírò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, kò sì ní ka ohun tó kù.

Nǹkan kejì tó ń já èèyàn lulẹ̀ kò kan òwò rárá. Orúkọ ni. Ká ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, kọ Kẹ́hìndé Ọláwálé Adébáyọ̀, báńkì kọ Adebayo Kehinde, ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, sì kọ Adebayo K. O.; èèyàn mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà rí yẹn. Nígbà tí owó bá fẹ́ wọlé ni wàhálà ẹ̀ máa ń jáde, nígbà tí kò sí àyè mọ́ láti máa tò sí ọ́fíìsì NIMC tó ń ṣe NIN. Ẹ ṣàtúnṣe ẹ̀ kí ọdún tó parí, kí fọ́ọ̀mù tó ṣí. Àkáǹtì náà gbọ́dọ̀ wà lórúkọ òwò, kì í ṣe lórúkọ ara yín.

Lórí CAC: orúkọ òwò lásán tó fún ìbẹ̀rẹ̀, owó ẹ̀ sì kéré. Àmọ́ kò ní ìpín tí ẹnikẹ́ni lè rà. Bí ẹ bá ń retí pé lọ́jọ́ iwájú kí olówó kan dókòwò sínú iṣẹ́ yín, kọ́ńpìnnì Ltd lẹ máa dá sílẹ̀. Láti ìgbà òfin kọ́ńpìnnì tí wọ́n ń pè ní CAMA 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀, náírà 100,000 sì ni ìpín tó kéré jù fún kọ́ńpìnnì aládàáni.

Ó wá ku owó fúnra rẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń ka ìlérí náà, náírà la fi ń ra àpò àti epo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, 5,000 dọ́là jẹ́ bíi mílíọ̀nù 2.3 náírà ní iye ìjọba. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà, ó fò kọjá mílíọ̀nù 3.5 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó dà bí oríire, àfi fún ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ láti China, torí ẹ̀rọ náà gun òkè bákan náà. Ẹ pín ìwé ìnáwó yín sí méjì: ohun tá a ń rà nílé ní náírà, ohun tó ń ti òkè òkun wá ní dọ́là, kí ọjọ́ tí iye bá yí má ba gbogbo ètò yín jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò kan, kẹ́ ẹ fi iye àdúgbò yín rọ́pò tiwa. Ká ní ẹ ń ra kílò 500 lójúmọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa ike kiri, ní náírà 200 kílò kan. Náírà 100,000 lójúmọ́ nìyẹn. Ọjọ́ 26 lóṣù, mílíọ̀nù 2.6. Iléeṣẹ́ tó ń rà á lọ́wọ́ yín ní lẹ́yìn ọjọ́ 60 lòun á san. Owó yín tó wà níta ti di mílíọ̀nù 5.2 kí kọ́bọ̀ tó wọlé. Bí dọ́là bá wà ní 1,500, gbogbo owó Elumelu jẹ́ mílíọ̀nù 7.5. Mílíọ̀nù 2.3 tó ṣẹ́ kù lẹ máa fi ra òṣùwọ̀n, san owó ilé ìkẹ́rùsí, ra epo ọkọ̀, san owó òṣìṣẹ́ oṣù méjì. Ẹni tó ṣa ike láti àárọ̀ kò lè dúró de ọjọ́ 60. Àpò ike tó gbé wá yẹn ni ìrẹsì alẹ́ ilé ẹ̀. Bẹ́ ò bá san lójú ẹsẹ̀, á gbé e fún ẹni tó kàn lójú títì, kò sì ní padà wá lọ́la. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àtúnlò ń kú sí, nígbà tí ike ṣì kún gbogbo gọ́tà.

Nítorí náà, ẹ má sáré fi owó náà ra ẹ̀rọ. 5,000 dọ́là kò lè ra ẹ̀rọ tó ń fọ ike, èyí tó ń lọ̀ ọ́ àti èyí tó ń yọ́ ọ pọ̀. Ẹ ra òṣùwọ̀n tó dára, àpò ńlá, òrùlé tí òjò kò ní gbà kọjá, kẹ́ ẹ fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ láti máa fi ra ike. Ẹ̀rọ tó ń di ike pọ̀, ẹ lọ yá a lọ́wọ́ ẹni tó ní in, kẹ́ ẹ máa san owó ìdì kọ̀ọ̀kan títí kílò yín á fi tó ohun tó lè bọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìlọ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ rà kẹ́yìn. Ó ń jẹ iná, ó ń fẹ́ omi, àwọn oníbàárà kan ò sì ní gba ike lílọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀, torí wọn ò lè fi ojú mọ ohun tó ti wọ inú ẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń wọ inú ẹ̀ yẹn ni ìpàdánù kejì. Ẹ mú ike omi kan dání kẹ́ ẹ wò ó. Ara rẹ̀ jẹ́ irú ike kan tí wọ́n ń pè ní PET. Ìdérí rẹ̀ jẹ́ irú ike míì, PP tàbí HDPE. Ọ̀rá tó yí i lára lè jẹ́ PP, ó sì lè jẹ́ irú ike míì tó ń jẹ́ PVC. Tẹ́ ẹ bá lọ gbogbo ẹ̀ tẹ́ ẹ dà á sómi, PET á rì, PP àti HDPE á léfòó. Ó rọrùn láti yà wọ́n. PVC ló burú, nítorí òun náà ń rì mọ́ PET. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá gbóná dé bíi 250 sí 260 lórí ìwọ̀n Celsius tí PET fi ń yọ́, PVC ti jóná kó tó débẹ̀, èéfín ásíìdì rẹ̀ á ba ẹ̀rọ jẹ́, á sì sọ PET funfun di ohun tó ní àmì dúdú káàkiri. Ìwọ̀nba PVC díẹ̀ tó fún un láti ba ìdì ńlá jẹ́. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ tó ń rà á fi lè já àwọn ìdì kan wò, tí wọ́n sì lè dá gbogbo ọkọ̀ padà nítorí ẹyọ kan. Owó epo àlọ àti àbọ̀, tiyín ni.

Omi náà ńkọ́? Ike tí mínírà ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ wúwo lórí òṣùwọ̀n yín, ẹ sì sanwó omi náà fún ẹni tó ṣa á. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, wọ́n á yọ ìwọ̀n omi kúrò. Omi tó bá kù lára PET nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ ń gé e sí wẹ́wẹ́ nínú, ohun tí wọ́n fi ṣe á máa fọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ kọ́ àwọn tó ń kó ike fún yín báyìí: ṣí ìdérí, da omi inú ẹ̀ nù, fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó fẹ́lẹ́, kó o tó sọ ọ́ sínú àpò. Ike tí ìdérí rẹ̀ dì pa ni afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí, bí wọ́n bá ti tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìdì náà á wú padà, okùn á já. Èyí tó funfun lọ́tọ̀, aláró lọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀. Ike òróró, ẹ má fi kan ìyókù rárá.

Kò sí ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí tí 5,000 dọ́là ń yanjú fúnra rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń da ike sí ìgboro ló lè yanjú ẹ̀, wọ́n sì ní ìdí láti ṣe é. Ìlànà kan wà ní Nàìjíríà, lábẹ́ àbójútó NESREA, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin àyíká, tó sọ pé ẹni tó ṣe ọjà ló ni ojúṣe ohun tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lo ọjà náà tán. Torí rẹ̀ ni Coca-Cola, Nigerian Bottling Company, Nestlé, Seven-Up àti àwọn míì ṣe wà nínú ẹgbẹ́ kan, Food and Beverage Recycling Alliance, tí wọ́n ń pè ní FBRA. Àwọn iléeṣẹ́ yìí nílò ẹ̀rí pé ike ti padà sí ẹ̀rọ. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: ọjà méjì lẹ ní láti tà, ike fúnra rẹ̀, àti ìwé ẹ̀rí pé ẹ kó o. Ẹni tí kò bá kọ nǹkan sílẹ̀ ń ta ọ̀kan, ó ń sọ ìkejì nù. Ẹ kọ ọjọ́, kílò, irú ike, àdúgbò tó ti wá, nọ́ńbà ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé ìwọ̀n tí oníbàárà fún yín. Ìwé àjákọ kan àti fóònù tó ń ya fọ́tò ti tó fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́.

Iléeṣẹ́ àtúnlò Wecyclers ló fi èyí hàn wá jù l'Ékòó. Bilikiss Adebiyi-Abiola dá a sílẹ̀ ní 2012. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ni wọ́n fi ń wọ àdúgbò tí ọkọ̀ ìdọ̀tí kì í dé, wọ́n á wọn ike ìdílé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ iye àmì tó jẹ fún wọn lórí fóònù, àmì náà ni ìdílé á sì fi gba oúnjẹ, nǹkan ìlò ilé tàbí káàdì fóònù. Unilever Nigeria wà lára àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ti bá wọn ṣiṣẹ́, ẹ̀bùn King Baudouin fún ìdàgbàsókè Áfíríkà sì tọ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní 2019. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni ìṣirò àmì yẹn. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ lè fi ọṣẹ ṣe ìrànwọ́ tirẹ̀: iye tó fi ṣe é ló ná an, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà ló jẹ́ lójú ìyá tó gbà á. Bí ọ̀gá ìpolówó bá ní owó kò sí, ẹ béèrè ọjà.

Àwọn ètò yòókù, ní kúkúrú. Àjọ Elumelu náà ní BeGreen Africa, tí wọ́n bá IKEA Foundation àti UNICEF ṣe, fún iṣẹ́ àyíká gan-an. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù gbogbogbòò. Google for Startups Accelerator tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 2018 kì í gba ìpín, ó sì ń fúnni ní àǹfààní Google Cloud tó lè dé 350,000 dọ́là. Ó wúlò gan-an fún ẹni tó ń kọ áàpù, ṣùgbọ́n kò lè ra àpò kan. All On, tí owó Shell dá sílẹ̀ ní 2016, ti iná tí kò gba orí wáyà ìjọba, bíi iná oòrùn, ló wà fún. Ìdókòwò ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bùn, torí náà ẹ ka ìwé rẹ̀ pẹ̀lú agbẹjọ́rò. LiveWIRE ti Shell, ètò fún àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò Niger Delta, bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2003. Ẹ rántí pé SPDC, ẹ̀ka Shell tó ń wa epo lórí ilẹ̀ ní Nàìjíríà, ti bọ́ sọ́wọ́ kọ́ńpìnnì Renaissance ní oṣù kẹta 2025. Bí kọ́ńpìnnì bá ti pààrọ̀ ọwọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ta ló ń sanwó ètò náà báyìí, àti títí di ìgbà wo.

Bí ẹ bá wá jókòó níwájú iléeṣẹ́ ńlá, ẹ má béèrè “ìrànwọ́”. Ẹ béèrè àdéhùn ọdún kan. Kílò tó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ rà lóṣù. Iye kílò kan, àti bí wọ́n á ṣe yí i padà tí epo bá gbówó lórí. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó ní àsansílẹ̀, ìyókù láàárín ọjọ́ 14. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ 30, ẹ lè gbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ 60 kò ṣeé gbà láìsí àsansílẹ̀. Ẹ fún wọn ní TIN yín, ìyẹn nọ́ńbà owó orí, nítorí wọ́n á yọ owó orí kúrò lójú owó yín, ìlọ́po méjì sì ni ti ẹni tí kò ní in. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ iye ìdérí àti omi tí wọ́n lè gbà nínú ìdì kí wọ́n tó dá a padà. Òṣùwọ̀n yín àti tiwọn kò ní bára mu lọ́jọ́ gbogbo, nítorí náà ẹ kọ èyí tó jẹ́ òótọ́ sínú ìwé, kí awakọ̀ yín dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n, kí àwọn méjèèjì sì buwọ́ lu iye náà kí ọkọ̀ tó jáde lẹ́nu géètì.